Ẹ Bi Wá, Ká Dá Yín Lóhùn: Fáńtéènì Tó Ti Gbẹ, Ṣé Ó Ṣì Lè Tú Omi?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ìlà kan ṣoṣo ni mo kọ lóṣù tó kọjá o, níbi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ àwọn ibi ìgbafẹ́ tó wà n'Ìbàdàn, mo ní ọ̀pọ̀ fáńtéènì tí wọ́n ṣe síwájú ilé ńláńlá nílùú yìí, ewúrẹ́ ló ń sùn nínú ẹ̀ báyìí. Ìlà kan péré! Àfi bí lẹ́tà ṣe ya dé. Ẹni tó máa bínú bínú, ẹni tó máa rẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín, àwọn kan sì bi mí ní ìbéèrè tó jẹ́ pé mo ní láti fìdí balẹ̀ kí n tó lè dáhùn ẹ̀. Torí ẹ̀ ni mo ṣe gbé gbogbo ojú ìwé tòní fún fáńtéènì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bèèrè nípa ẹjọ́ lánlọ́ọ̀dù, ẹ fọwọ́ wọ́nú, ó di oṣù tó ń bọ̀.

Kẹ́nì kan má baà sọnù lọ́nà, fáńtéènì tí à ń wí ni àwo ńlá tí wọ́n fi òkúta tàbí sìmẹ́ńtì ṣe, tí omi ń tú sókè láàárín ẹ̀, tàbí tó ń dà látẹnu ère kìnnìún, ẹja, ańgẹ́lì, ohun tó bá ṣáà ti wu ẹni tó lówó. Kì í ṣe omi mímu, kì í ṣe omi ìfọṣọ, ẹ̀ṣọ́ ni.

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Ọmọ mi mú mi dé New York lọ́dún tó kọjá, ó mú mi lọ síbi ìgbafẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Central Park, mo rí fáńtéènì kan níbẹ̀ tí ańgẹ́lì dúró lórí ẹ̀, tí omi ń dà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀. Ọmọ mi ní fáńtéènì náà ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún. Mo bi í pé kí ni wọ́n ń ṣe fún un tó fi ń ṣiṣẹ́ dòní, ó ní òun ò mọ̀, pé ká máa lọ, ẹsẹ̀ ń dun òun. Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ mọ̀ ọ́n?
Màmá Tíṣà, Bódìjà

Màmá, ẹ kú ìrìn àjò o. Mo rí fọ́tò tẹ́ ẹ fi há inú lẹ́tà, ẹyẹlé kan jókòó sórí ìyẹ́ ańgẹ́lì náà bíi pé òun gan-an ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é.

Bethesda Fountain lorúkọ ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka Bíbélì á ti mọ ibi tí orúkọ yẹn ti wá, adágún omi Betesda inú ìwé Jòhánù orí karùn-ún, níbi tí ańgẹ́lì ti máa ń sọ̀kalẹ̀ wá rú omi, tí ẹni tó bá kọ́kọ́ kó sínú omi náà á gba ìwòsàn. Ó dáa, a ti mọ ìdí tí ańgẹ́lì fi wà lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí lọ̀rọ̀ ìwòsàn ń wá láàárín New York? Ibẹ̀ gan-an ni ìtàn yẹn ti dùn.

Lọ́dún 1832, àrùn onígbáméjì wọ ìlú New York, ó pa bíi 3,500 èèyàn. Omi kànǹga ni ọ̀pọ̀ wọn ń mu nígbà yẹn, ṣáláńgá sì wà nítòsí kànǹga, ẹ̀yin náà ẹ fọkàn ro ohun tó ń jò sínú ohun tí wọ́n ń mu. Wọn ò tíì gbàgbé ìyẹn tí iná ńlá tún fi ṣẹ́yọ ní December 1835, níbi tí wọ́n ti ń ṣòwò ní ìsàlẹ̀ ìlú, òtútù mú lọ́jọ́ náà débi pé omi odò di yìnyín, àwọn panápaná ń gbé páìpù kiri wọn ò rí omi fà, ilé àti ọjà jóná lọ súà. Ìgbà yẹn ni ojú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ là pé ọ̀rọ̀ omi kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Wọ́n sé odò Croton tó wà lápá òkè ìlú, wọ́n wá mọ ojú ọ̀nà omi kan láti ibẹ̀ wọ New York, máìlì 41 ni gígùn ẹ̀, ìyẹn bíi kìlómítà 66, ó ju ká gbéra n'Ìbàdàn ká dé Ọ̀yọ́ lọ. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé kò sí pọ́ǹpù kankan níbẹ̀. Ṣe ni wọ́n jẹ́ kí ojú ọ̀nà náà máa dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lọ sílẹ̀, ínṣì 13 péré nínú máìlì kan, tẹ́ ẹ bá dúró lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ẹ ò lè mọ̀ láé pé ó dà, ṣùgbọ́n omi mọ̀, omi sì ń rìn lọ. Ọdún 1842 ni omi náà wọ ìlú.

Ẹ wá wò ó, Màmá, ohun tí wọ́n fi fáńtéènì yẹn ṣe nìyẹn, ìdúpẹ́ omi ẹ̀rọ ni. Àwa náà mọ ohun tí omi ẹ̀rọ túmọ̀ sí. Ní 1942 ni Ẹlẹ́yẹlé bẹ̀rẹ̀ sí í fún Ìbàdàn lómi, Aséjìrè tẹ̀ lé e ní 1972, ẹni tó bá sì ti fi garawa pọn omi láti odò kí ẹ̀rọ tó dé àdúgbò ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ṣàlàyé fún un ìdí téèyàn á fi gbé ère kalẹ̀ torí omi.

Obìnrin ló ṣe ère náà o, Emma Stebbins, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ìlú New York máa gbé irú iṣẹ́ ère ńlá bẹ́ẹ̀ fún. Ìlú Rome ló ti ṣe é, Munich ní Jámánì ni wọ́n ti fi idẹ dà á, ọjọ́ 31 oṣù May 1873 ni wọ́n ṣí i fáráyé wò. Ẹnu ò ṣàì kùn. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin wà lára àwọn tó ń darí páákì náà, ẹ ti mọ ohun táwọn èèyàn á sọ, ìwé ìròyìn pàápàá bẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀. Ańgẹ́lì yẹn ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, ó di òdòdó lílì mú lọ́wọ́ òsì, ó na ọwọ́ ọ̀tún sórí omi bí ẹni ń súre, lábẹ́ ẹ̀ ni àwọn ọmọdé mẹ́rin wà, wọ́n sọ wọ́n ní Àlàáfíà, Ìlera, Ìmọ́ àti Ìkóra-ẹni-níjàánu. Ká wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dókè, ẹsẹ̀ bàtà 26 ni, àwo omi ìsàlẹ̀ yẹn sì fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 96.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé látìgbà yẹn lomi ti ń dà níbẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Rárá o. Nígbà tó fi máa di 1970 sókè, gbèsè ti wọ ìlú New York lọ́rùn, ní 1975 ó kù díẹ̀ kí wọ́n kógbá wọlé pátápátá, páákì náà wá di ibi tójú ń tini láti dé, koríko ti kú, wọ́n fi ọ̀dà kọ ìkọkúkọ sára ògiri, fáńtéènì ìdúpẹ́ omi yìí kò sì ní omi kankan nínú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn náà ti rí i rí! (Ká láwọn ní ewúrẹ́ ni, á ti sùn síbẹ̀.) Ọdún 1980 làwọn aráàlú kan kóra jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ tó ń jẹ́ Central Park Conservancy, àwọn ń wá owó, ìjọba ìlú sì jẹ́ kí wọ́n wọlé ṣiṣẹ́. Fáńtéènì yìí wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ dáwọ́ lé, láàárín 1980 sí 1981, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n dí gbogbo ibi tó sán, wọ́n tún ibi tó ti jẹrà ṣe, wọ́n fi ohun ààbò kun ère náà.

Ìdáhùn sí ìbéèrè yín gan-an ló kàn báyìí, Màmá. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń fọ ańgẹ́lì yẹn tí wọ́n sì ń fi ìda pa á lára. Lọ́dọọdún. Tó bá di ìgbà òtútù, wọ́n á fa omi inú ẹ̀ gbẹ, torí omi tó bá di yìnyín máa ń wú, á sì la òkúta sí méjì. Ohun tí wọ́n ń ṣe fún un nìyẹn, kò sí àwúre kankan níbẹ̀. Èmi ò tiẹ̀ ka títún un ṣe ti 1981 sí bàbàrà, ẹnikẹ́ni ló lè tún nǹkan ṣe lẹ́ẹ̀kan kó pe oníròyìn wá, kó gé ríbọ́ǹ. Ẹni tó ń gbé ìda àti àkísà jáde nígbà tí kámẹ́rà kankan ò sí níbẹ̀ ni mo ń wò ní tèmi.

Tẹ́ ẹ bá tún ráyè débẹ̀, ẹ gbójú sókè wo àjà ọ̀dẹ̀dẹ̀ tẹ́ ẹ máa gbà kọjá kẹ́ ẹ tó dé ìdí fáńtéènì náà. Táìsì 15,876 ló wà lára àjà yẹn. Wọ́n tú wọn sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn 1980 kó má baà já lu èèyàn lórí, wọ́n kó wọn pamọ́, ó di 2007 kí wọ́n tó rí owó dá wọn padà. Ó lé lógún ọdún táìsì wà nípamọ́, tí ẹnikẹ́ni ò sì jí i tà! Ìyẹn nìkan náà, mo kan sáárá sí wọn.

Olóòtú, inú bí mi sí ohun tẹ́ ẹ kọ nípa ewúrẹ́ yẹn. Púlọ́ńbà ni mí, ó ti tó ogún ọdún, fáńtéènì tí mo ti ṣe n'Ìbàdàn àti l'Ábẹ́òkúta kò kéré. Àwa kọ́ là ń ba nǹkan jẹ́. Ẹni tó gbéṣẹ́ fún wa á ní pọ́ǹpù tá a kọ sílẹ̀ ti wọ́n jù, á lọ ra èyí tó rí ní ojú ọ̀nà, oṣù kẹta ó ti kú, wọ́n á ní púlọ́ńbà ò mọṣẹ́. Ẹ bá wa sọ fún wọn.
Ọ̀gá Púlọ́ńbà, Mọ̀kọlá

Ọ̀gá mi, ẹ má bínú, ẹ̀yin kọ́ ni mo bú, ewúrẹ́ náà kọ́ ni mo bú. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ṣojú mi.

Ilé ayẹyẹ kan wà, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi la lọ ṣe níbẹ̀. Fáńtéènì wà lẹ́nu ọ̀nà wọn, àwo mẹ́ta tó gun ara wọn lórí, èyí tó tóbi nísàlẹ̀ èyí tó kéré lókè, kìnnìún sìmẹ́ńtì mẹ́rin yí i ká. Gbígbẹ ni. Ẹni tó ń ya fọ́tò bá ní kí wọ́n tan omi kí ìyàwó lè dúró síwájú ẹ̀, bọ̀ọ̀dá kan sáré wá, ó da garawa omi mélòó kan sínú ẹ̀, ó tan ìdí ẹ̀. A gbọ́ "hùùùn", omi pupa bíi tíì tú jáde lẹ́nu kìnnìún kan, ìṣẹ́jú kan kò pé, ó dákẹ́, "hùùùn" yẹn ṣì ń lọ, ni òórùn rọ́bà tó ń jóná bá gba gbogbo ibẹ̀. Ìyàwó ti káṣọ ẹ̀ sókè sá lọ.

Púlọ́ńbà tí wọ́n pè dé ní bíi wákàtí kan lẹ́yìn ẹ̀, èmi alátojúbọ̀ ni mo lọ lóṣòó tì í. Ó gbé pọ́ǹpù jáde, ó tú ojú ẹ̀, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ló wé mọ́ ọn nínú bí ìgbà tí wọ́n ń dirun, ó ń fà á jáde, kò tán, ó tún ń fà á. Egungun adìyẹ tẹ̀ lé e, etí gèlè kan tẹ̀ lé e, ìdí bàtà obìnrin ló gbẹ̀yìn. Mo ní ṣé ohun tó pa á nìyẹn, ó ní rárá, ìyẹn kàn dá a lágara ni, ohun tó pa á ni pé omi ò bò ó. Ó ní pọ́ǹpù inú omi yìí, omi tó yí i ká ló ń tù ú lára, tí omi bá fi wálẹ̀ kúrò lára ẹ̀ tó sì ń ṣiṣẹ́ lọ, ṣe ló máa se ara ẹ̀ jinná. Garawa mẹ́rin kọ́ ló yẹ kéèyàn dà sínú àwo tó ń gba ogójì.

Torí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni fáńtéènì, ẹ gbọ́ ti ọ̀gá púlọ́ńbà o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi flóòtì sí i, irú èyí tẹ́ ẹ fi sí táńkì ilé, tí omi bá ti lọ sílẹ̀ jù á pa iná fúnra ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi asẹ́ sẹ́nu pọ́ǹpù, kẹ́ ẹ sì máa fọ asẹ́ náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀rọ̀ iná ẹ̀ńkọ́? Mi ò ní sọ púpọ̀, iná tó wà nínú omi, ẹni tó mọṣẹ́ ni kẹ́ ẹ gbé e fún, kí wọ́n fi bíréékà tó ń já fúnra ẹ̀ sí i, torí àwọn ọmọdé ò lè rí omi kí wọ́n má tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Omi tó ń jò wá ni olórí wàhálà. Ẹni tó bá ní "òòrùn ló ń fà á" àti ẹni tó ní "ó ń jò", wọ́n lè fi ọdún mẹ́ta jà sí i, bẹ́ẹ̀ garawa kan ló máa parí ẹjọ́ náà. Ẹ bu omi kún garawa, ẹ gbé e sórí bíríkì nínú fáńtéènì yẹn, ẹ jẹ́ kí omi inú garawa àti omi ìta dọ́gba, kẹ́ ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí méjèèjì, ẹ pa pọ́ǹpù, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Òòrùn kan náà ló ń ran méjèèjì, bí omi ìta bá lọ sílẹ̀ ju ti garawa lọ, àwo yín ń jò nìyẹn. Ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú pọ́ǹpù ní títàn, tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ nìkan ló ń lọ sílẹ̀ kíákíá, a jẹ́ pé páìpù ló ń jò, tàbí kí atẹ́gùn máa fẹ́ omi dà síta. Ẹ wá mọ ibi tẹ́ ẹ máa fọ́. Ohun tí mo sì rí táwọn èèyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á lọ lẹ táìsì tuntun lé orí ibi tó ń jò, ó rẹwà fún oṣù méjì. Táìsì kì í dí ihò o, abẹ́ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ tọ́jú, kẹ́ ẹ gbẹ́ ibi tó sán yẹn jáde, kẹ́ ẹ fi ohun tí omi ò lè gbà kọjá bò ó kó tó di pé ẹ lẹ ohunkóhun.

Ọ̀gá mi, ṣé mo ti bá yín sọ ọ́?

Ẹ jọ̀ọ́, lánlọ́ọ̀dù wa fẹ́ ṣe fáńtéènì sáàárín ọgbà. Ẹ̀fọn tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ò tíì jẹ́ ká sùn. Kí la máa sọ fún un?
Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Òkè-Àdó

Ẹ sọ fún un pé kì í ṣe omi tó ń ṣàn ni ẹ̀fọn ń wá, omi tó dúró ni. Tí fáńtéènì bá ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, ẹ̀fọn ò fi bẹ́ẹ̀ lè yé síbẹ̀. Ọjọ́ tí kò bá sí iná, tí ẹ̀rọ dákẹ́, tí omi wá dúró gọ́ńgọ́ síbẹ̀, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, láàárín ọjọ́ méje sí mẹ́wàá tanwíjí ti di ẹ̀fọn tó ń fò. Torí náà, ẹ ní kó yan ọ̀kan: kó ra sóólà tó máa máa yí pọ́ǹpù náà, tàbí kó gbà láti máa da omi ẹ̀ nù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, tàbí kó da ẹja epìyà sínú ẹ̀ kí wọ́n máa jẹ tanwíjí. Èyí ẹja yẹn, ẹ̀yin ayálégbé náà á ti mọ bí á ṣe parí lóṣù December.

Ẹ̀gbọ́n, Políì ni mo wà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní irọ́ ni pé omi ba ọgbà Àgọ́dì jẹ́ nígbà kan, pé ibẹ̀ ti rí bó ṣe rí látilẹ̀. Òótọ́ wo ló wà níbẹ̀?
Akẹ́kọ̀ọ́, Sángo

Àbúrò mi, sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ bi àwọn òbí wọn. Ọdún 1967 ni wọ́n dá ọgbà Àgọ́dì sílẹ̀, ọgbà ẹranko àti ọgbà igi ni. Ọjọ́ Sunday, 31 August 1980, òjò rọ̀ n'Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ wákàtí, odò Ọ̀gùnpa kún àkúnya, ó gbé ilé, ó gbé mọ́tò, ó gbé èèyàn, àwọn tó kú ju 100 lọ. Ọgbà Àgọ́dì wà lára ohun tó fara gbá a, ó bà jẹ́ kọjá sísọ. Títí dòní, ẹni tó bá wà n'Ìbàdàn nígbà náà tó gbọ́ "Ọ̀gùnpa", ṣe ló máa kọ́kọ́ dákẹ́ ná. Ọjọ́ ti lọ gan-an kí ìjọba ìpínlẹ̀ tó wá tún ọgbà náà ṣe, ọdún 2014 ni wọ́n ṣí i padà pẹ̀lú adágún omi àti ibi ìlúwẹ̀ẹ́ tẹ́ ẹ ń lọ ya fọ́tò níbẹ̀ báyìí.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kó o kíyè sí. Lára ohun tó jẹ́ kí Ọ̀gùnpa ya wọ ilé ni pé àwọn èèyàn ti kọ́lé sójú ọ̀nà odò, wọ́n sì ti da pàǹtírí dí i lọ́nà. Ìgbà yẹn kò tíì sí píọ̀ wọ́tà o! Àìsí omi ni fáńtéènì ṣe ń bà jẹ́, omi tó pọ̀ jù ló ba Àgọ́dì jẹ́, ṣùgbọ́n bó o bá tú ìdí méjèèjì wò dáadáa, ohun tá a jù sílẹ̀ ló há sí wọn lọ́fun.

Olóòtú, a ní ère kan níwájú ṣọ́ọ̀ṣì wa, omi máa ń dà lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà tí nǹkan ṣì ń lọ dáadáa. Idẹ ni. Ó ti di àwọ̀ ewé, ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ní ká fi sáńpépà bó o kó máa dán, ká wá kùn ún ní ọ̀dà góòlù fún ìkórè ọdún yìí. Ọkàn mi ò gbà á.
Díákónì, Agbowó

Bàbá Díákónì, ọkàn yín ò tàn yín o. Ẹ sáré lọ bá wọn kí wọ́n tó ra ọ̀dà.

Àwọ̀ ewé yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí, kò sì dà bí irin tó dógùn-ún. Bàbà ló pọ̀ jù nínú idẹ, tí atẹ́gùn àti omi bá ti bá bàbà gbé pẹ́, awọ kan máa ń bò ó lára, awọ yẹn gan-an ló sì máa ń dáàbò bo ohun tó wà lábẹ́. Tẹ́ ẹ bá fi sáńpépà bó o, ẹ bó awọ ẹ̀ nìyẹn, ojú, ètè, ìlà ọwọ́, gbogbo ohun tí alágbẹ̀dẹ fìṣọ́ra ṣe ló máa pa rẹ́. Ọ̀dà góòlù tún burú jù ú lọ, omi á wọ abẹ́ ẹ̀, á há síbẹ̀, ọ̀dà á máa hó, lọ́dún mẹ́ta sí i ẹ̀ẹ́ ní ère tó dà bí ẹni tí ilẹ̀ẹ́gbóná mú.

Omi gbígbóná díẹ̀, ọṣẹ tí kò le, bùrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ kanlẹ̀. Ẹ wá mú ìda, ẹ fi àkísà tó mọ́ pa á lára fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ fi àkísà mìíràn nù ún títí tó máa fi jọ̀lọ̀. Ohun kan náà tí wọ́n ń ṣe fún ańgẹ́lì New York nìyẹn. Tí funfun kan bá wà lára ibi tómi ń gbà kọjá, bí èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́tùlù tẹ́ ẹ bá ń fi omi bọ́húù se tíì, ẹ má fi ásíìdì sí i o, igi rọ̀bọ̀tọ̀ kékeré ni kẹ́ ẹ fi máa kán an díẹ̀díẹ̀.

Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé tẹ́ ẹ bá sọ fún ìgbìmọ̀ pé ìda lẹ fẹ́ ra, wọ́n á ní oyinbo ló kọ́ yín. Oyinbo bọ̀? Àwọn orí idẹ Ifẹ̀ tí wọ́n hú jáde ní Wúnmọníjẹ̀ lọ́dún 1938, kí ni wọ́n fi ṣe wọ́n bí kò ṣe ìda? Wọ́n á fi ìda mọ ojú yẹn délẹ̀délẹ̀, wọ́n á fi amọ̀ bò ó, wọ́n á yọ ìda dànù nínú iná, wọ́n á da idẹ tó ti yọ́ sí àyè ẹ̀. Ìda lẹ fi bí i, ẹ wá ń bẹ̀rù láti fi pa á lára. Ẹ kà á sí wọn létí.

Ẹ káàárọ̀ sà. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí. Mo rí i nínú fíìmù pé wọ́n ń ju owó sínú fáńtéènì. Ta ló ń kó owó náà? Ṣé èmi náà lè jù ú?
Láti Ring Road

Ọmọ dáadáa, o káàárọ̀. Trevi lorúkọ fáńtéènì tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ jù, ìlú Rome ló wà. Ọdún 1762 ni wọ́n parí ẹ̀, Nicola Salvi tó ya àwòrán ẹ̀ ti kú nígbà yẹn, kò rí ìparí ẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá kẹ̀yìn sí i tó fi ọwọ́ ọ̀tún ju owó kọjá èjìká òsì, á padà wá sí Rome. Àwọn òṣìṣẹ́ ló máa ń kó owó náà, wọ́n á gbé e fún ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Caritas tó ń bọ́ àwọn aláìní, lọ́dún 2016 nìkan owó tí wọ́n rí kó nínú omi yẹn tó mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ lọ́nà ogún yúrò, ìyẹn bíi 1,400,000. Nígbà tí wọ́n ń tún fáńtéènì náà ṣe láàárín 2014 sí 2015, tí wọ́n fa omi ẹ̀ gbẹ, wọ́n tiẹ̀ gbé àwo omi kékeré kan síwájú ẹ̀ káwọn èèyàn lè máa rí ibi ju owó sí. Ilé iṣẹ́ Fendi tó ń ṣe báàgì àti aṣọ ló sanwó àtúnṣe yẹn, ó lé ní mílíọ̀nù méjì yúrò.

Ní tìẹ, owó onírin ni wọ́n ń jù o, kì í ṣe owó bébà. Tó o bá ju náírà bébà sómi, á fà ya, òfin báńkì àpapọ̀ ti 2007 sì ní ẹni tó bá ń fi náírà tàfàlà lè ṣẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí kó san owó tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Wá kọ́bọ̀. Bi bàbá ẹ bóyá ó ṣì ní ìkankan nínú dúrọ́ọ̀. Èmi wá a lálẹ́ àná kí n lè sọ fún ẹ bó ṣe tóbi tó, bọ́tìnì méjì àti kọ́kọ́rọ́ ilé tá a ti kó kúrò ni mo rí.